Ṣíìpù tó ń ka fítámì C: wáyà 25 µm, résìn, sítíkà ọkọ̀ àti agolo bisikíìtì

Ẹ jẹ́ n kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ báyìí, torí àwọn tó rí i lórí tábìlì mi rò pé ẹ̀rọ olówó ńlá kan ló wà nídìí ẹ̀. Kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Ohun tí mo ń wá ò ju ṣíìpù kékeré kan lọ, tí omi á máa gba inú gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, tí ẹlẹ́kítíródù tíntín kan (ẹnu wáyà tí fítámì C inú omi ń fún ní kọ́rẹ́ǹtì) á sì wà nísàlẹ̀ gọ́tà yẹn tí á máa sọ iye fítámì C tó wà nínú omi tó ń kọjá.

Owó ló jẹ́ kí n mú ẹlẹ́kítíródù tíntín. Potentiostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ẹlẹ́kítíródù ní fóótéèjì tó sì ń ka kọ́rẹ́ǹtì tó bá jáde, èyí tí wọ́n ń tà fún láàbù kọjá agbára mi. Ní 2011 àwọn kan ní yunifásítì California ní Santa Barbara gbé àwòrán CheapStat, potentiostat olówó pọ́ọ́kú kan, jáde lọ́fẹ̀ẹ́, páàtì ẹ̀ ò tó 80 dọ́là, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan yìí ṣeé ṣe. Àmọ́ tí ẹlẹ́kítíródù bá ti kéré dé 25 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm), tiẹ̀ tún rọrùn ju CheapStat lọ, torí kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú ẹ̀ kéré débi pé wáyà méjì péré tó, platinum tó ń ṣiṣẹ́ àti fàdákà tá a fi ń díwọ̀n fóótéèjì, ẹ ò nílò ẹ̀kẹta. Ìdajì sàkíìtì potentiostat ti lọ nìyẹn. Ìdajì tó kù ló wá gba gbogbo àkókò mi, torí kọ́rẹ́ǹtì tá a fẹ́ kà ò ju nanoampere (nA, ìdá kan nínú bílíọ̀nù ampere) mẹ́ta mẹ́rin lọ, gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá, látorí gílóòbù dé orí fóònù, ló ń pariwo jù ú lọ.

Owó tí mo ná: Arduino Nano (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí gbogbo ẹ̀) ₦9,500, ADS1115 (tó ń ka fóótéèjì) ₦6,500, MCP4725 (DAC, tó ń gbé fóótéèjì jáde) ₦5,000, op-amp LMC6482 (tó ń sọ kọ́rẹ́ǹtì di fóótéèjì) ₦4,000, résìn ₦9,000, sítíkà ₦1,000, tí ẹ bá fi bátìrì, bóòtù àti nǹkan kéékèèké míì kún un ó súnmọ́ ₦40,000. PDMS (rọ́bà tó mọ́ gaara tí mo fi ṣe gọ́tà, Sylgard 184 ni) àti platinum ò sí nínú ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ìwé PhD ló fún mi ní èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra gálọ́ọ̀nù PDMS fúnra yín, ẹ wá èèyàn bíi mẹ́rin kẹ́ ẹ dá owó jọ.

Ìpele 1: wáyà inú résìn

Ẹ mú fọ́nrán irun orí kan, ẹ là á sí mẹ́ta gbọọrọ, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni wáyà 25 µm. Ẹ pa fáànù kẹ́ ẹ tó ṣí i o. Mo tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì kí n lè máa rí i, mo gé bíi 3 cm, mo fi áyọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì bíńtín jó orí ẹ̀ mọ́ wáyà kọ́pà tí mo yọ nínú kébù íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Tó bá wà báyẹn nìkan ńṣe ló máa ká kò, ìdí nìyẹn tí mo fi tì í bọ inú capillary gíláàsì tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ní láàbù ilé ìwòsàn, èyí tí ò ní heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) nínú, kó lè dúró ṣánṣán.

Mo gé òrùka páìpù PVC 2 ínṣì, gíga ẹ̀ 15 mm, mo gbé e sórí gíláàsì tí mo ti fi sẹ́lótéèpù bò, mo fi igi ìyẹyín há capillary yẹn sókè kí ẹnu wáyà kan ìsàlẹ̀. Fàdákà náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 5 mm síra wọn. Ìsàlẹ̀ yẹn ló máa di ojú iṣẹ́ tá a bá ti tú u kúrò lórí gíláàsì.

Gọ́ọ̀mù alápá méjì tó ń gan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo kọ́kọ́ dà sí i. Ó gbóná gan-an, ó gan, mo dán ojú ẹ̀, mo gbé e sábẹ́ microscope. Mo rí platinum róbótó tó ń kọ mànà bó ṣe yẹ, àmọ́ lápá ọ̀tún ẹ̀ ilà dúdú kan wà tó tẹ̀ lé etí ẹ̀ bíi ìdá mẹ́rin òbìrìkítí ẹ̀. Ilà yẹn ò fẹ̀ ju 2 tàbí 3 µm lọ. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti sún kì nígbà tó ń tutù nìyẹn, tó wá ya kúrò lára wáyà. Omi iyọ̀ máa rá wọ ibẹ̀, ara wáyà tó wà nísàlẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tẹ́nì kankan ò bẹ̀ ẹ́. Lórí gíráàfù kọ́rẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ bá ń gbé fóótéèjì lọ sókè kẹ́ ẹ tún dá a padà, ẹ máa rí i pé ìlà àlọ àti ìlà àbọ̀ jìnnà síra wọn, gbogbo ẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀, dípò kó gòkè lẹ́ẹ̀kan kó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni résìn oní wákàtí mẹ́rìnlélógún, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe tábìlì olómi ń lò. Mo fi acetone nu wáyà, mo tún fi isopropanol nù ún, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn ìyẹn torí òróró ara wa wà lára ohun tó ń jẹ́ kí résìn kọ̀ láti dì í mú. Mo gbé ike résìn sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó rọ̀, kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jáde, mo dà á díẹ̀díẹ̀, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìgbà tó gan tán ni mo tó gbé e sínú ófùnù 60 °C fún wákàtí díẹ̀. Ìwàǹwára ò sí nínú ìpele yìí rárá, tí ìdè ibẹ̀ bá jò, kò sí sàkíìtì tó máa tún un ṣe fún yín.

Ìpele 2: dídán

Sáńpépà 400, 800, 1200, 2000, gbogbo ẹ̀ lórí gíláàsì pẹ̀lú omi, ẹ máa yí i lọ́nà nọ́ńbà 8 kó má ya sí apá kan. Lẹ́yìn náà alumina (ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń dán nǹkan) 0.3 µm, kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ pẹ̀lú 0.05 µm lórí aṣọ tó fẹ́lẹ́. Mo dán ọṣẹ ìfọyín wò torí mo gbọ́ pé ó ń ṣe é, ó dán lóòótọ́, àmọ́ ó fi nǹkan kan sílẹ̀ lójú platinum tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì máa wálẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún eyín.

Ìpele 3: fàdákà

Mo lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà àti fàdákà, ó fa wáyà 0.5 mm fún mi. Fàdákà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn ni, 925, ìyẹn ni pé 92.5% ni fàdákà inú ẹ̀, kọ́pà ló sábà máa ń wà nínú ìyókù. Fóótéèjì tó ń fún mi ò dúró lójú kan, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tí mo bá padà wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán gíráàfù ti sún síwájú. Ìgbà tí mo rí èyí tó jẹ́ 99.9% ló tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ má lọ sọ pé ẹ fẹ́ ra Ag/AgCl (fàdákà tí silver chloride bò lójú) o. Ẹ kán Hypo lé fàdákà lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó máa dúdú bí eérú, ẹ fi omi ṣàn án, ó tán. Kẹ́ ẹ tó kán an, ẹ fi sẹ́lótéèpù kékeré bo platinum kí Hypo má bà á jẹ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ti dán ojú ṣíìpù, èyí tẹ́ ẹ ṣe tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ tún Hypo kán.

Ká tó lọ síbòmíì, ìdánwò ẹlẹ́kítíródù (sàkíìtì ìpele 5 ló ń kà á): omi tó ní 1 mM (millimole kan nínú lítà) potassium ferrocyanide nínú 0.1 M KCl, ẹ kán an kan lórí résìn kó bo wáyà méjèèjì. Ìṣirò 4nFDca (n ni iye electron, F ni nọ́ńbà Faraday, D ni bí nǹkan ṣe ń yára tàn nínú omi, c ni iye ẹ̀ nínú omi, a ni ìdajì fífẹ̀ wáyà) sọ pé 25 µm yẹ kó fúnni ní bíi 3.1 nA. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe tó ń jò ń fi 6 hàn mí, inú mi tiẹ̀ ti ń dùn pé ó lágbára. Èyí tó dì dáadáa fún mi ní 3.2, ìlà àlọ àti àbọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Tí tiyín bá ju ìṣirò lọ fíìfíì, ẹ padà sí ìpele 1.

Ìpele 4: gọ́tà

Àwọn tó ń gé sítíkà ọkọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gé vinyl, òun ni mo fi ṣe mold (ohun tá a máa da PDMS lé kó lè mú àwòrán gọ́tà) dípò iṣẹ́ yàrá aláìléruku tí àwọn olówó ń lò. Mo ya ìlà tó fẹ̀ 0.5 mm tó gùn 25 mm, tó ní róbótó 2 mm ní ìkángun méjèèjì, mo gbé e fún wọn lórí flash. Mo kọ́kọ́ ní kó gé 0.3 mm, ńṣe ló ń gbé ara ẹ̀ sókè tí bíléèdì bá ti kọjá, bí 0.5 ṣe dé nìyẹn. Mo lẹ sítíkà yẹn mọ́ gíláàsì, micrometer ní 0.1 mm ni sísanra ẹ̀. Gọ́tà tó bá jáde lára ẹ̀ ò gbà ju 1.25 µL lọ, ẹ̀kán dírípù kan ṣoṣo á kún un bíi ìgbà ogójì.

PDMS: 20 g pẹ̀lú 2 g ohun tó ń mú un gan, ẹ rò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kó jókòó títí èéfọ́ (afẹ́fẹ́ róbóróbó) inú ẹ̀ á fi tán, ẹ dà á lé mold kó ga tó 5 mm, 65 °C fún wákàtí mẹ́rin. Ojú èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò gan rárá níbi tí ìbọ̀wọ́ mi ti kàn án. Latex ni ìbọ̀wọ́ yẹn, sulphur inú ẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́, mo yí sí nitrile, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà kan iná lọ nígbà tó ṣì wà nínú ófùnù, mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo kàn fi sílẹ̀ sórí tábìlì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ó ti gan bó ṣe yẹ, ooru yàrá lásán náà tó o, ó kàn ń pẹ́ ni.

Abẹ́rẹ́ 21G tí mo ti fi sáńpépà yún ẹnu ẹ̀ ni mo fi lu ihò méjì, abẹ́rẹ́ 21G míì ló sì wọ inú ihò yẹn láti gba omi wọlé. Mo wá tẹ PDMS mọ́ résìn níṣojú microscope kí platinum bọ́ sí àárín gọ́tà, fàdákà náà sì wà níwájú, lápá ibi tí omi ń gbà jáde. Pẹrẹsipẹ́ẹ̀sì (ike líle tó mọ́ bíi gíláàsì) méjì àti bóòtù M3 mẹ́rin ló dì í. Ẹ má fún un jù, PDMS rọ̀, gọ́tà máa pẹlẹbẹ.

Ìpele 5: sàkíìtì

Ó kéré gan-an. Fàdákà ń gba fóótéèjì látọ̀dọ̀ MCP4725, tí ìgbésẹ̀ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 1.2 mV. Platinum lọ tààrà sí ẹsẹ̀ op-amp tó ń sọ kọ́rẹ́ǹtì di fóótéèjì, ẹsẹ̀ op-amp kejì sì wà lórí 2.5 V. Rẹ̀sísítọ̀ tó yí i ká gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 MΩ kí 1 nA lè di 100 mV. Kò sẹ́ni tó ń ta 100 MΩ ládùúgbò mi, mo to 10 MΩ mẹ́wàá léra wọn. ADS1115 ló ń ka ohun tó jáde, ní bíi 1.9 pA (pA kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún nA) fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gba 25 nA sókè àti sísàlẹ̀.

LM741 ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀ torí òun ló wà nílẹ̀, ó lọ lẹ̀ mọ́ òkè, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kò yani lẹ́nu, kọ́rẹ́ǹtì tí ẹsẹ̀ 741 fúnra ẹ̀ ń mu tó 80 nA, èmi sì ń wá 3. LM358 náà ò jìnnà sí i. LMC6482 ò mu ju 0.02 pA lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí 5 V nìkan. Lórí páàtì yìí, ẹ má ṣe ahun.

Nǹkan méjì tó lè da orí yín rú: àkọ́kọ́, torí pé fàdákà là ń tì, tí DAC bá gòkè, platinum ń lọ sí negative ni, gíráàfù yín á wá dojú dé, ẹ yí àmì ẹ̀ padà nínú kóòdù. Ìkejì ni bóòdù. Flux (òróró tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú) tó ṣẹ́kù lára bóòdù, tí òjò bá ti ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ tutù, ń gbé kọ́rẹ́ǹtì kọjá bí ẹni pé rẹ̀sísítọ̀ míì wà níbẹ̀. Mo fi isopropanol fọ gbogbo ẹ̀, mo wá tẹ ẹsẹ̀ 2 op-amp sókè kó má kan bóòdù rárá, inú afẹ́fẹ́ ni mo ti jó wáyà platinum mọ́ ọn. Ó burẹ́wà lójú, àmọ́ látìgbà yẹn ìlà òdo ò rìn mọ́.

Ìpele 6: ariwo

Ibí ni mo lò pẹ́ jù. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, ariwo 50 Hz, ìyẹn ìgbì iná ìjọba, nìkan ni mo ń rí, ó nípọn tó 5 nA, ohun tí mo ń wá sì wà lábẹ́ ẹ̀.

Kapásítọ̀ 1 nF lórí 100 MΩ mú un wálẹ̀ bíi ìlọ́po ọgbọ̀n, àmọ́ ó sọ ẹ̀rọ náà di onílọ̀ọ́ra, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi fóótéèjì sáré ju 20 mV/s lọ. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kí ADS1115 kà ní ìgbà 860 ní sẹ́kọ́ńdù kan, mo kó 86 papọ̀, mo mú ìpíndọ́gba wọn, ìyẹn jẹ́ ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdù, ìgbì 50 Hz márùn-ún gééré ló wọ inú ẹ̀, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ọgbọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá jẹ́ iná ìjọba. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, tiẹ̀ kì í dúró lórí 50, tó bá ti gbé ẹrù ó máa wálẹ̀, tí wọ́n bá yọ ẹrù ó máa fò, gbogbo ìpíndọ́gba yín ti dàrú nìyẹn.

Torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ sínú agolo bisikíìtì ńlá onígun mẹ́rin, mo fi sáńpépà họ ọ̀dà inú ìdérí ẹ̀ kí irin kan irin, mo so agolo mọ́ ground sàkíìtì. Mo lo powerbank, ó ń pa ara ẹ̀ torí ó rò pé kò sí nǹkan tó ń gba iná lára òun, mo yí sí bátìrì AA mẹ́fà pẹ̀lú 7805 (páàtì tó ń sọ fóótéèjì di 5 V). Láptọ́ọ̀pù náà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ṣájà.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ariwo kan ṣì kù tí mi ò mọ ibi tó ń gbà wọlé. Tí mo bá súnmọ́ tábìlì ó máa pọ̀ sí i, tí mo bá jìnnà ó máa dín kù. Ìgbà tí mo di okùn dírípù (rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ilé ìwòsàn) tó ń gbé omi wọ agolo mú ni mo tó mọ̀: omi iyọ̀ inú ẹ̀ ń gbé iná, odindi okùn náà ti di ẹ́ríà bíi ti rédíò. Mo kó kọ́ọ̀bù omi àti kọ́ọ̀bù ìdọ̀tí méjèèjì wọ inú agolo, mo pa ìdérí dé. Ohun tó kù ò tó 10 pA.

Ìpele 7: omi

Ẹ má ti omi wọ inú ṣíìpù, ẹ fà á. Tẹ́ ẹ bá fi sírínjì tì í, PDMS tí kò lẹ̀ mọ́ résìn pátápátá máa gbé ara ẹ̀ sókè, omi á ṣàn sábẹ́ ẹ̀. Mo gbé kọ́ọ̀bù omi sí ọgbọọgba pẹ̀lú ṣíìpù, ẹnu okùn ìjáde wà ní 10 cm nísàlẹ̀, ìyẹn ń fa PDMS mọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìṣirò ní bíi 85 µL ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí mo wọ̀n pẹ̀lú òṣùwọ̀n sì súnmọ́ ọn.

Tí omi bá ń ṣàn, ferrocyanide tó ń fún mi ní 3.2 nA nígbà tó dúró fò kọjá 10 nA. Kò burú, àmì náà tóbi sí i, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gíga yẹn dúró bákan náà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Tí 10 cm bá di 9, kọ́rẹ́ǹtì á fi bíi 3% wálẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Tí èéfọ́ kékeré kan bá jókòó lé platinum, kọ́rẹ́ǹtì máa já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí mo bá ń gbé okùn láti kọ́ọ̀bù kan sí òmíì ló máa ń wọlé. Rólà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń dín dírípù kù wà lára okùn ìjáde, mo máa ń tì í pa pátápátá kí n tó gbé okùn, kí n wá ṣí i tó bá ti wọ omi tuntun. Kí omi tó kọ́kọ́ wọ ṣíìpù tó gbẹ, ẹ fi isopropanol ṣàn án ṣáájú.

Ìpele 8: fítámì C

Tábúlẹ́ẹ̀tì funfun 100 mg ni mo lọ̀, mo pò ó nínú 100 mL omi phosphate pH 7 tó ní 0.1 M KCl, mo sẹ́ ẹ, mo wá bù 1 mL nínú ẹ̀ sínú 50 mL. Gbogbo omi tó bá máa gba inú ṣíìpù gbọ́dọ̀ ní KCl kan náà, tí chloride bá yí padà, fóótéèjì fàdákà náà á yí. Ẹ lò ó kó tó pẹ́, fítámì C ò fara da afẹ́fẹ́ nínú omi pH 7. Mo di platinum mú sí 0.6 V, mo jẹ́ kí omi phosphate àti KCl yẹn láìsí fítámì C kọjá, lẹ́yìn náà èyí tó ní fítámì C 0.02, 0.05, 0.1 àti 0.2 mM, ìlà náà sì gún. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn jáde ní 96 mg.

Ọsàn ló le. Mo fi aṣọ sẹ́ oje ẹ̀, mo tún fi bébà ìsẹ́ sẹ́ ẹ, 1 mL sínú 25 mL. Kọ́rẹ́ǹtì jáde dáadáa, àmọ́ bí oje ṣe ń kọjá ló ń wálẹ̀, nǹkan inú ọsàn ń lẹ̀ mọ́ platinum. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mi ò fi ìlà tó ti wà nílẹ̀ kà á, inú oje yẹn gan-an ni mo ń da fítámì C tí mo mọ iye ẹ̀ sí, lẹ́ẹ̀mẹta, kí n wá ṣírò padà. Ó fún mi ní 47 mg nínú 100 mL, titration pẹ̀lú iodine (ọ̀nà kẹ́míkà míì tí wọ́n fi ń wọn fítámì C) fún oje kan náà ní 45. Mi ò ní fi búra, torí nǹkan míì inú ọsàn lè fún platinum ní kọ́rẹ́ǹtì ní 0.6 V, fún oje tó dúdú bíi zobo mi ò tiẹ̀ ní gbà á gbọ́.

Tí ọsàn bá ti kọjá bíi ìgbà mélòó kan, mo máa ń tú bóòtù, mo fi alumina 0.05 dán résìn fún ìṣẹ́jú kan, Hypo, mo dì í padà, ferrocyanide tún padà sí 3.2. Résìn náà ti fẹ́lẹ́ sí i báyìí, àmọ́ wáyà wà nínú ẹ̀ títí dé òkè. Èyí tó kàn ni carbon fibre 7 µm dípò platinum, mo ti rí fọ́nrán díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tún bọ́m̀pà ọkọ̀ ṣe, ibi tí mo wà lórí ẹ̀ báyìí ni bí mo ṣe máa so ó mọ́ kọ́pà, torí lẹ́ẹ̀dì kì í mú carbon.